Ìrọbí Àkọ́kọ́ ní Èkó: Láti Ìgbà Tí Inú Bá Bẹ̀rẹ̀ sí Í Mú Yín Títí di Ogójì Ọjọ́

Ẹni tó bá wọ ilé ìkókó, ojú ọmọ ló máa kọ́kọ́ wò. Á kí ìyá rẹ̀ kú ewu, á ṣàdúrà, ó tán: ta ni ọmọ jọ, irun rẹ̀ mà pọ̀ o, ẹ gbé e wá kí n rí i. Ìyá tó bí i á wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú ewu tí à ń kí i kú rẹ̀ kì í tíì tán nígbà náà. Ẹ̀jẹ̀ tí kò dá, ẹ̀jẹ̀ ríru tó tún ga lẹ́yìn tí wọ́n ti délé, ibà inú ilé ọmọ, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn: lẹ́yìn tí ọmọ bá ti ké tán ni wọ́n sábà máa ń yọjú. Torí ẹ ni mo ṣe máa pẹ́ níbi ìyá ju ibi ọmọ lọ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹ yan ilé ìwòsàn tó wà ní apá afárá tí ẹ ń gbé

Orúkọ ńlá ń wu èèyàn, mo mọ̀. Lagos Island Maternity, Ayinke House ní LASUTH ní Ìkẹjà, LUTH ní Ìdí-Àràbà, gbogbo wọn ló ní dókítà àgbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gbé Ìkòròdú tí káàdì yín wà ní Island, afárá Third Mainland wà láàárín ẹ̀yin àti dókítà náà. Láàárọ̀, ọkọ̀ tó ń lọ Island ló ń dì. Nírọ̀lẹ́, èyí tó ń bọ̀ ní mainland. Ẹni tó bá rántí ọdún 2020, nígbà tí wọ́n ti apá kan afárá yẹn pa láti tún un ṣe, mọ ohun tí mò ń sọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní ilé ìwòsàn fún ìyá àti ọmọ ní Ìfàkọ̀-Ìjàyè, Ìkòròdú, Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin, Gbàjà ní Sùúrùlérè, Ajérọ̀mí àti àwọn ibòmíràn. Èyí tó bá sún mọ́ yín jù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ru, tí orí ọmọ sì wà nísàlẹ̀, lè bímọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò, bó bá jẹ́ pé agbẹ̀bí tó kàwé wà níbẹ̀ lóru. Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, ẹ béèrè ohun mẹ́ta: ta ló ń sùn síbẹ̀ lálẹ́, ibo ni wọ́n máa gbé yín lọ bí nǹkan bá le, àti ibo ni wọ́n ń tọ́jú abẹ́rẹ́ oxytocin sí. Inú fíríìjì ló yẹ kó wà. Abẹ́rẹ́ tó ti jókòó sórí tábìlì nínú ooru Èkó, agbára rẹ̀ lè ti lọ, òun sì ni wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró.

Nípa ìyá àbíyè àti míṣọ̀n, mi ò ní bá yín jà. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń lọ síbẹ̀ fún àdúrà. Ẹ gba àdúrà náà, kí ẹ sì lọ bímọ síbi tí wọ́n ti lè fa ẹ̀jẹ̀ síni lára.

Ìpalẹ̀mọ́ yòókù kò gba ariwo. Kí ọkọ tàbí ẹbí ti lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kó tó dìgbà yẹn, torí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba ló máa bi yín. Kí ẹ mọ irú ẹ̀jẹ̀ yín. Bó bá jẹ́ Rhesus negative, tí ti ọmọ sì jẹ́ positive, abẹ́rẹ́ anti-D wà tó yẹ kí ẹ gbà láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ bá ọlọ́kọ̀ kan tó ń gbé nítòsí sọ̀rọ̀ sílẹ̀, kì í ṣe èyí tí ẹ máa máa wá lórí fóònù lóru. Ẹ kọ 767 àti 112 sára ògiri. Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó ni. Ohun tí ilé ìwòsàn bá kọ fún yín ni kí ẹ kó sínú báàgì, ẹ má fi ti ọ̀rẹ́ yín ṣe, torí olúkúlùkù ló ní ìwé tirẹ̀. Ìlera Èkó, ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀, wà fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lásìkò.

Inú ti ń mú mi, ṣé ó ti tó?

Ìrọbí àkọ́kọ́ kì í kánjú, ẹbí ló ń kánjú. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú káàdì yín, ìṣirò ni. Àwọn ọmọ tó ń dé lọ́jọ́ náà gan-an kò pọ̀. Èyí tó bá dé láàárín ọ̀sẹ̀ 37 sí 42, àsìkò rẹ̀ ló dé.

Ó lè jẹ́ ikun tó ń yọ̀, tó ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nínú, lẹ máa kọ́kọ́ rí lára pátá. Ìyẹn nìkan kò tó gbé yín dé ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà, inú á máa fún, á máa tú, ẹ̀yìn sì lè máa ro yín ju iwájú lọ. Bí ẹ bá wẹ̀, tí ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, tí ìrora náà sì rọlẹ̀, kò tíì dé. Ìrọbí tòótọ́, bí ẹ ṣe ń rìn ló ń le sí i, tí ìrora kan ò sì ní jẹ́ kí èkejì jìnnà mọ́.

Ẹ fi fóònù ka àsìkò rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrora kan dé ìbẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e. Bó bá ń wá ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tó ìṣẹ́jú kan, tó sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan, ẹ gbéra. Ẹni tí ilé ìwòsàn rẹ̀ kò jìnnà ni wọ́n là á sílẹ̀ fún o. Bó bá jẹ́ aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tí ẹ sì máa la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ Ọ̀ṣòdì kọjá, ẹ gbéra nígbà tó ṣì wà ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ó sàn kí wọ́n ní ẹ tètè dé ju kí ẹ bímọ sínú danfó lọ.

Kó tó dìgbà yẹn, ilé lẹ máa wà. Ẹ jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín, ẹ mu omi, ẹ máa tọ̀, ẹ sùn bí oorun bá wá. Ẹ má fẹnu kan àgbo abíwẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún yín ní abẹ́rẹ́ nílé pé kó lè yá. Kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú àgbo yẹn. Ilé ọmọ tó bá fún ju bó ṣe yẹ lọ lè ya, ọmọ inú rẹ̀ sì lè má rí afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó.

Àwọn nǹkan kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ka ìṣẹ́jú fún. Bí omi bá já, pàápàá bó bá láwọ̀ ewé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà bíi ti nǹkan oṣù. Bí ọmọ kò bá mira bó ṣe máa ń ṣe mọ́. Bí orí bá ń fọ́ yín tí ojú ń ṣe bàìbàì. Bí ìrọbí bá bẹ̀rẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ 37. Ọ̀nà ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru.

Nínú yàrá ìrọbí

Wọ́n á wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín, wọ́n á yẹ ìtọ̀ wò, wọ́n á fọwọ́ kan ikùn láti mọ bí ọmọ ṣe dùbúlẹ̀, wọ́n á gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ìka méjì yẹ ẹnu ilé ọmọ wò. Ó gbọ́dọ̀ là dé sẹ̀ǹtímítà 10 kí ọmọ tó kọjá. Bí kò bá tíì tó 5, wọ́n lè ní kí ẹ padà sílé tàbí kí ẹ máa rìn kiri. Kì í ṣe ìkà. Láti ọdún 2018 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní 5 ni kí a máa kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìrọbí tó ti múlẹ̀, tí kì í sábà ju wákàtí 12 lọ fún ẹni tó ń bí àkọ́bí. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ kò ní iye. Ó lè gba ọ̀sán àti òru.

Oògùn ìrora wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi gbogbo. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tó ń pa ìrora láti ìdí sísàlẹ̀ wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá kan àti ti aládàáni kan, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ẹ béèrè nígbà tí oyún bá wà ní oṣù keje, torí kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá ń di irin bẹ́ẹ̀dì mú ni ẹ máa máa dúnàá-dúrà. Ẹ béèrè nígbà kan náà bóyá ẹnì kan lè wà pẹ̀lú yín. Bí wọ́n bá gbà, kí ẹni náà fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn yín gidigidi nígbà tí ìrora bá dé. Ó ń ranni lọ́wọ́ ju "ẹ ní sùúrù" lọ.

Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó pé 10, ara lè máa gbọ̀n, ẹ lè bì, ẹ lè pariwo pé ẹ ò ṣe mọ́. Kó pẹ́, ẹ ó máa rò pé ìgbẹ́ ló ń gbọ̀n yín. Nọ́ọ̀sì á ní, "Mọ́mì, ẹ má tíì tì o!" títí yóò fi yẹ̀ yín wò. Bó bá ti ní kí ẹ tì, ẹ tẹ̀lé ìrora: bó bá dé ẹ tì, bó bá lọ ẹ sinmi. Ìgbẹ́ díẹ̀ lè bá a jáde. Kò sí agbẹ̀bí tí ìyẹn jọ lójú. Ó lè gbà tó wákàtí mẹ́ta lórí àkọ́bí. Bí wọ́n bá gbà fún yín, ẹ má dùbúlẹ̀ gbọọrọ. Ìkúnlẹ̀ tàbí ìlóṣòó làwọn ìyá wa fi bímọ, ó sì bá ọ̀nà tí ọmọ ń gbà wálẹ̀ mu.

Wọ́n lè la ojú ara díẹ̀, tàbí kó ya fúnra rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo alákọ̀ọ́bí ló yẹ kí wọ́n là. Òwú tí wọ́n sábà fi ń rán an máa ń yọ́ fúnra rẹ̀.

Ìdajì wákàtí tí kì í ṣe ti ìdùnnú nìkan

Ọmọ ti ké. Wọ́n gbé e lé yín láyà níhòòhò, wọ́n da aṣọ bò yín pọ̀. Wọ́n á dúró fún ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta kí wọ́n tó gé ìwọ́, kí ẹ̀jẹ̀ tó kù níbẹ̀ lè wọ ara ọmọ. Lóde, ọkọ ti ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Nínú ilé, nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ rẹ̀ kò tíì rẹ́rìn-ín.

Ó ti gún yín ní oxytocin, yúnìtì 10, sí itan. Ó fi ọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀ ikùn yín, ó ń fi èkejì fa ìwọ́ náà jẹ́jẹ́. Ibi ọmọ yẹ kó jáde láàárín ìdajì wákàtí. Bó bá jáde, á tẹ́ ẹ sínú àwo, á yẹ etí rẹ̀ wò yíká bóyá ó pé, torí ègé kékeré tó bá ṣẹ́ kù sínú lè mú ẹ̀jẹ̀ máa dà. Ó kàn, á máa fi ọwọ́ pò yín níkùn, nítòsí ìdodo. Ó ń dunni. Ẹ jẹ́ kó ṣe é. Ibi tí ibi ọmọ ti kúrò, ẹnu iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, fífún tí ilé ọmọ bá fún ló ń pa ẹnu wọn dé. Ilé ọmọ tó bá le koko lábẹ́ ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́. Èyí tó bá rọ̀, ẹ̀jẹ̀ ló ń dà.

Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti kọjá mílílítà 500, ìyẹn ìwọ̀n omi inú pure water kan, ti di ọ̀ràn. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ojú kì í lè díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó ti wọnú aṣọ. Ìwádìí kan tí wọ́n pè ní E-MOTIVE, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2023, kan ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tàǹsáníà àti South Africa. Wọ́n ń tẹ́ ọ̀rá kan tó ní àmì ìwọ̀n sábẹ́ ìdí ìyá, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn sínú rẹ̀, kí wọ́n lè rí iye rẹ̀. Bó bá ti pọ̀ jù, wọ́n á fún un ní gbogbo ìtọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò ní máa dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Ìjàm̀bá ẹ̀jẹ̀ tó le dín kù ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí fún yín ni pé ẹni tó bá tẹ̀ lé yín lọ ní iṣẹ́ láti ṣe ju yíya ọmọ ní fọ́tò lọ. Ẹ má ju páàdì nù kí nọ́ọ̀sì tó rí i. Páàdì ńlá tó kún láàárín wákàtí kan, ẹ̀jẹ̀ dídì tó tóbi, òòyì, kí ara tutù kó sì máa làágùn: kí ó pariwo, kó má tijú. Ẹ gbìyànjú láti tọ̀ láàárín wákàtí mẹ́fà, torí àpò ìtọ̀ tó kún kì í jẹ́ kí ilé ọmọ fún dáadáa. Ẹ má sì gbà kí wọ́n dá yín sílẹ̀ kí wákàtí 24 tó pé, bó ti wù kí oúnjẹ ilé máa pè yín tó.

Bó bá di iṣẹ́ abẹ

Àdúrà pé kí èèyàn bímọ wẹ́rẹ́ "bí obìnrin Hébérù" ti mú kí àwọn obìnrin kan máa wo iṣẹ́ abẹ bí ìjákulẹ̀. Mo ti rí ẹni tó sunkún ju ìgbà tó ń rọbí lọ nítorí rẹ̀. Ìgbà míì ọ̀nà kò gba ọmọ, ìgbà míì ọkàn ọmọ ń rẹ̀ ẹ́, ìgbà míì ibi ọmọ ló dí ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìyá tó ti dàgbà ló ni ara rẹ̀: ẹ lè fọwọ́ síwèé fúnra yín, kò dìgbà tí àwọn àgbà ẹbí bá ti Abẹ́òkúta dé. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n sábà ń lò, ẹ kò ní sùn, ẹ ó gbọ́ ohùn ọmọ. Kó tó pé wákàtí 24, wọ́n á ní kí ẹ dìde rìn. Ẹ rìn, bó tilẹ̀ ń dùn yín, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí ẹsẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ má gbé ohun tó wúwo ju ọmọ lọ.

Ọyàn, omi gbígbóná àti káńfọ̀

Kí wákàtí kan tó pé lẹ́yìn ìbímọ, ẹ fi ọmọ sọ́yàn. Omi ọyàn tó kọ́kọ́ ń jáde nípọn, ó sì pọ́n díẹ̀. Àwọn kan ní ó dọ̀tí, wọ́n á fún un dànù. Òun gan-an ni àjẹsára àkọ́kọ́ ọmọ. Kò pọ̀, nítorí ikùn ọmọ náà kò tóbi. Ọyàn tó kún gan-an máa ń dé ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta sí ìkẹrin, ọyàn á wú, á le. Kí ẹnu ọmọ là gbàgà, kó gba dúdú ọmú wọlé pẹ̀lú, kì í ṣe orí ọmú nìkan, kí àgbọ̀n rẹ̀ kan ọyàn. Bó bá ń ta yín lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fi ìka yọ ọ́, ẹ tún un fi sí i. Ó tó ìgbà mẹ́jọ sí méjìlá lójúmọ́. Bó bá ń mu, inú á máa fún yín bíi ti nǹkan oṣù. Ilé ọmọ ló ń padà sí àyè rẹ̀. Omi kò sí nínú oúnjẹ ọmọ fún oṣù mẹ́fà, àgbo kò sí, glúkóòsì kò sí.

Ìyá ọkọ tàbí ìyá yín ti dé báyìí láti wẹ ọmọ. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni, ẹ má kọ̀ ọ́. Ẹ kàn tètè bá wọn sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, nọ́ọ̀sì ní kí omi náà jẹ́ lílọ́ wọ́ọ́rọ́." Fífi aṣọ inú omi híhó tẹ ikùn kò fọ ẹ̀jẹ̀ kankan jáde, ó lè bó ara, ní pàtàkì ikùn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí. Jíjókòó sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan dára fún ojú rírán, láìbu Dettol tàbí álọ́ọ̀mù sí i. Ọmọ náà, kí wọ́n má wẹ̀ ẹ́ kó tó pé wákàtí 24. Kí wọ́n má bu omi sí imú rẹ̀, kí wọ́n má sì tẹ àwùjẹ rẹ̀. Fún ìwọ́, jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine ni wọ́n ń fún wa ní Nàìjíríà. Ẹ fi í sí ìwọ́ nìkan, ẹ gbé e jìnnà sí oògùn ojú, torí ó ń fọ́ ojú ọmọ. Kò sí ọṣẹ ìfọyín, kò sí ìyẹ̀fun kankan.

Wàyí o, káńfọ̀. Àpótí aṣọ ọmọ tí wọ́n ti tọ́jú láti ìgbà àbúrò ọkọ, ó ń rùn káńfọ̀ bí wọ́n bá ṣí i. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa, ọkùnrin ló sì pọ̀ jù, ni èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń pè ní G6PD, kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Káńfọ̀ máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ibà pọ́njú á dé, bó bá sì le, á ba ọpọlọ àti etí jẹ́. Aṣọ tí káńfọ̀ ti bá gbé, ẹ má fi wọ ìkókó. Lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ gbé ọmọ síbi ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ẹ fi ìka tẹ iwájú orí rẹ̀, ẹ gbé ìka kúrò, ẹ wo àwọ̀ tó kù níbẹ̀, ẹ sì wo funfun ojú rẹ̀. Bó bá pọ́n kí ọjọ́ kan tó pé, tàbí tó dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, tàbí tí ọmọ kò mu ọyàn mọ́, oòrùn àárọ̀ kò lè wò ó. Ẹ gbé e lọ.

Kí ẹ tó kúrò ní ilé ìwòsàn, ẹ rí i pé ó gba àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ, rọparọsẹ̀ àti mẹ́dọ̀wú, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú káàdì.

Ọjọ́ kẹjọ

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ara ìyá ṣe ẹlẹgẹ́ jù, inú ọ̀sẹ̀ yẹn náà la sì fi ìkómọ sí. Mi ò ní kí ẹ má sọ ọmọ lórúkọ. Mo ní kí ẹ̀yin ìyá ọmọ ní yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì, kí ẹ jáde fún àdúrà àti orúkọ, kí ẹ padà lọ dùbúlẹ̀, kí ẹlòmíràn máa pín ìrẹsì. Iṣẹ́ ọkọ ni kí ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ti lọ kí wọ́n wọn ìfúnpá yín kó tó dọjọ́ náà, ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta lẹ́yìn ìbímọ, kí ẹ sì tún lọ láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè dé lẹ́yìn ìbímọ fún ẹni tí kò ní in rárá nínú oyún, gìrì sì lè tẹ̀ lé e. Orí fífọ́ tí kò gbọ́ oògùn, ojú tó ń ríran bàìbàì, ìrora lókè ikùn, kì í ṣe wàhálà àlejò.

Àwọn yòókù tó yẹ kó gbé yín padà sí ilé ìwòsàn: ibà, ẹ̀jẹ̀ tó ń rùn, ẹ̀jẹ̀ tó ti ń dín kù tó wá tún bẹ̀rẹ̀ sí í dà, ẹsẹ̀ kan tó wú tó sì ń dùn, mímí tó ń há, ojú iṣẹ́ abẹ tó ń yọ omi. Ẹ̀jẹ̀ lásán tó ń pupa, tó ń ṣú, tó ń fúyẹ́ títí dé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ẹkún tí kò nídìí

Láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, ẹ lè máa sunkún láìmọ ohun tó ń pa yín lẹ́kún. Ó ń ṣe ọ̀pọ̀ ìyá, kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tí oúnjẹ kò wù yín, tí oorun kò wá kódà nígbà tí ọmọ ń sùn, tí ẹ kò rí ìfẹ́ ọmọ, àìsàn ni, oògùn rẹ̀ sì wà. Èyí tí àwọn àgbà ń pè ní àbísínwín yàtọ̀: ìyá náà á máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, á máa sọ ohun tí kò bára mu, ó sì lè pa ara rẹ̀ tàbí ọmọ lára. Pàjáwìrì ni bíi ti ẹ̀jẹ̀ dídà. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan pẹ̀lú ọmọ, ẹ má gbé e lọ síbi tí wọ́n ti máa nà án. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ wà ní Yábàá. Mo mọ̀ pé orúkọ "Yaba Left" tí wọ́n ń pè é ń ba ẹbí lẹ́rù, wọ́n á ní àwọn aráàdúgbò á gbọ́. Kí wọ́n gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà

Lọ́jọ́ tí ọmọ máa gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀yin náà wò: ìfúnpá, ẹ̀jẹ̀, ojú rírán, ọyàn, bóyá ìtọ̀ ń jò nígbà tí ẹ bá ń rẹ́rìn-ín. Ẹ sọ ọ́ bó bá ń jò. Àwọn ìyá máa ń gbé e pamọ́ títí tí yóò fi bá wọn dàgbà. Ìbálòpọ̀ lè padà nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dá tí ojú egbò sì ti jinná, tó sì wù yín, kì í ṣe nígbà tí ó bá wu ọkọ nìkan. Ẹ gba ìfètò-sọ́mọ-bíbí ṣáájú rẹ̀, torí oyún lè dúró kí nǹkan oṣù tó tún dé. Ọdún méjì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ìyá fi sinmi kí oyún mìíràn tó wọlé. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ, ẹ gba ìwé tó sọ ohun tó fà á àti irú ojú tí wọ́n là, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpò kan náà pẹ̀lú káàdì àjẹsára. Dókítà tó bá máa gbẹ̀bí ọmọ kejì yóò béèrè rẹ̀.